Aṣọ ẹbí tí kò wù wá rà, tí gbogbo wa sì ń rà

Ìbéèrè:

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo. Èmi ni akọ̀wé ìnáwó ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí a ti jọ wà. Kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í ṣe nǹkan: òkú, ìgbéyàwó, ilé ṣíṣí, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Kò sí èyí tí kò ní aṣọ. Èyí tó kẹ́yìn, léèsì àti gèlè, jẹ́ náírà 65,000. Mo ti búra fún ọkọ mi pé n kò ní rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí WhatsApp, tí mo rí i pé ó ti pé méjìdínlógún, mo lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo san án. Ọkọ mi ní àwọn ọ̀rẹ́ mi ti gba orí mi lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí èmi ni mo máa ń sọ fún òun pé kó má tẹ̀lé ẹgbẹ́. Ṣé n kò lágbára ni? Ṣé kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí? – Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Kò sí ohun tó jọ àìlágbára nínú ohun tí ẹ ṣe. Orúkọ tí wọ́n ń tò sórí WhatsApp yẹn ló mú yín, bó sì ṣe mú yín náà ni mo rò pé ó mú púpọ̀ nínú àwọn méjìdínlógún tó ṣáájú yín. Ìdáhùn mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó máa ronú àtikúrò nínú ẹgbẹ́.

Òwe tí ọkọ yín ń rọra pa fún yín ni pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òwe náà wúlò fún ọmọdé tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Yahoo. Kò bá ọ̀rọ̀ tiyín mu, torí òwe náà gbà pé ajá kan wà níbì kan tí ìgbẹ́ ń dùn mọ́ lẹ́nu. Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àgùntàn ni gbogbo yín, kí oníkálukú máa jẹ ìgbẹ́ torí ó rò pé ajá ni àwọn yòókù. Èyí yàtọ̀ sí pé ọ̀rẹ́ gba orí ẹni lọ́wọ́ ẹni, bí a ó ṣe wò ó sàn náà sì yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwádìí kan tí àwa tí a ń kọ́ni nípa ìhùwàsí ẹ̀dá láwùjọ kì í lè yẹra fún. Solomon Asch ni ẹni tó ṣe é. Wọ́n bí i ní Warsaw ní 1907, ó dé New York pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní 1920, ó sì di olùkọ́ ní Swarthmore College. Ní 1951 ló kọ́kọ́ tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú yàrá, bíi méje sí mẹ́sàn-án. Ó fi ìlà kan hàn wọ́n lórí páálí, ó fi ìlà mẹ́ta hàn wọ́n lórí páálí kejì, ó ní kí wọ́n sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gùn bíi ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ọmọdé ni. Àwọn tó dá nìkan ṣe é kì í ṣi í tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dán wò nínú yàrá náà láì jẹ́ kó mọ̀. Asch ti bá gbogbo àwọn yòókù sọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á dáhùn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì kù díẹ̀ kó parí kó tó kan ẹni tí wọ́n ń dán wò. Nínú ìgbà 18 tí wọ́n fi ìlà hàn wọ́n, ìgbà 12 ni gbogbo wọn á fẹnu kò sórí irọ́ gbangba.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bíi 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn tí àwọn tí wọ́n ń dán wò mú wá nígbà tí àwọn yòókù ń purọ́ ló bá irọ́ náà lọ. Ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ló tẹ̀lé wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Asch bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn kan ní àwọn rò pé ojú àwọn ni kò ríran dáadáa, àwọn mìíràn sì ní àwọn mọ òótọ́, àwọn kàn ní kí àwọn má dá yàtọ̀ ni. Ẹ rántí pé àwọn tó jókòó nínú yàrá yẹn kì í ṣe ẹbí, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ogún ọdún. Kò sí ẹni tó máa bínú sí wọn, kò sí ìyàwó ilé kankan tó máa bojú wo àwọ̀ aṣọ wọn lóde ìyàwó. Ìlà lásán ni. Ẹ̀yin wá ń bá ara yín wí pé ẹ kò lágbára níwájú àwọn obìnrin tí ẹ jọ ru omi, tí ẹ jọ jẹ gàrí ní bọ́dìn?

(Ẹnì kan lè bi yín pé kí ló dé tí n kò mẹ́nu ba ìwádìí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Stanford ní 1971, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe wọ́dà, kí àwọn mìíràn ṣe ẹlẹ́wọ̀n, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti hàn pé àwọn olùdarí ìwádìí náà fúnra wọn ń ti àwọn tó ṣe wọ́dà pé kí wọ́n le koko, nítorí náà n kò ní gbé ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́mọ lé e lórí.)

Apá iṣẹ́ Asch tó kàn yín jù lọ ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń dín iye àwọn tó ń purọ́ kù, ó sì ń fi kún un, kó lè mọ iye tó tó láti borí ẹnì kan. Tó bá jẹ́ ẹnì kan péré ló ta ko ẹni tí wọ́n ń dán wò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Tó bá di méjì, 13.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn ló ṣìnà. Tó bá di mẹ́ta, ó fò dé 31.8. Lẹ́yìn mẹ́ta, kí wọ́n fi mélòó kún un, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Nítorí náà kì í ṣe orúkọ méjìdínlógún ló ṣẹ́gun yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Ẹ padà lọ wo àwọn orúkọ tí ẹ ní lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ìnáwó, kí ẹ wo àwọn tó máa ń wà lókè. Tó bá rí bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo mọ̀, ẹ ó rí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ẹ ó rí àbúrò rẹ̀, ẹ ó rí èyí tó ń gbé ní Houston tàbí Lọ́ńdọ̀nù tí 65,000 kò jẹ́ nǹkan fún. Àwọn tí aṣọ náà kò ni lára ló máa ń yára kọ orúkọ. Àwọn tó ni lára ń dúró, wọ́n ń wò. Orúkọ tí wọ́n sì ń wò, orúkọ àwọn tí kò ni lára ni.

Àwọn olùwádìí ti rí irú èyí ní ọ̀pọ̀ ibi tí kò sí léèsì. Ní 1932, Richard Schanck tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí abúlé kan ní ìpínlẹ̀ New York tó pè ní Elm Hollow, kí a má bàa mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó lọ gbé láàárín wọn. Tó bá bi àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ibẹ̀ nípa káàdì títa àti ọtí mímu, wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìjọ àwọn kò gbà á. Àmọ́ bó ṣe ń pẹ́ láàárín wọn, tí wọ́n ń fọkàn tán an, ó bá ara rẹ̀ nínú yàrá wọn, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n jọ ń ta káàdì, wọ́n jọ ń mu ọtí èso ápù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà pé òun nìkan ni òun ń dẹ́ṣẹ̀ níkọ̀kọ̀ láàárín àwọn ẹni mímọ́. Ní 1993, Deborah Prentice àti Dale Miller rí ohun tó fẹ́ jọ ọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n rò pé ara àwọn ẹgbẹ́ wọn balẹ̀ sí ọtí mímu ju bí ara tiwọn ṣe balẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kò lè jẹ́ òótọ́ pé gbogbo ènìyàn ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tó ti gbogbo ènìyàn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹ mọ ohun tó wà nínú ọkàn yín, ẹ sì mọ̀ pé ohun tí ẹ ṣe ní gbangba kò bá a mu. Àmọ́ ti ẹlòmíràn, ìṣe rẹ̀ nìkan ni ẹ ń rí, ẹ sì ń ka ìṣe yẹn bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà san owó, ẹ fi àmì sí iwájú orúkọ yín, bóyá ẹ tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe tiwa." Ẹni tó jẹ́ ogún, tí òun náà ti búra fún ọkọ tirẹ̀, ṣí WhatsApp, ó rí i pé akọ̀wé ìnáwó ti san. Kí ni kó rò? Yóò ní ara Ìyá Ìbejì balẹ̀, èmi nìkan ni tálákà ibí. Ó lọ yáwó. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ni ẹ di ajá lójú tirẹ̀.

Ọkọ yín lè ní àwa dúdú ló ń ṣe báyìí, òyìnbó kò ní ṣe é. Òyìnbó ni gbogbo àwọn tí mo ti ń sọ nípa wọn láti òkè. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, ìyàtọ̀ wà. Ní 1996, Rod Bond àti Peter Smith kó ìwádìí 133 tó jọ ti Asch jọ láti orílẹ̀-èdè 17. Wọ́n rí i pé títẹ̀lé ẹgbẹ́ ń dín kù ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1950, àti pé níbi tí wọ́n ti ń fi ẹbí àti àwùjọ ṣáájú ẹnì kan ṣoṣo, ó máa ń pọ̀ jù. Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ẹ̀rí rèé pé aláìlérò ni wá. Èrò mi kọ́ nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n kọ̀ ọ́ ni èésú.

Ẹ wo èésú dáadáa. Olùkọ́ kan tó ń gba owó oṣù kékeré, tí kò lè tọ́jú 5,000 pamọ́ sínú àpótí ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò máa san tirẹ̀ sínú èésú láì yẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí lọ́yà, ọ̀pọ̀ ìgbà kò tilẹ̀ sí ìwé. Kí ló ń mú un san? Ojú àwọn tí wọ́n jọ ń dá a ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ní òun ló ba èésú jẹ́. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé láàárín wa, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1952, ó sì fi í hàn bí ilé iṣẹ́ ìyáwó gidi. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu títí dòní. Ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, Mary Kay Gugerty ṣe ìwádìí lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń sọ fún un ni pé àwọn kò lè dá nìkan tọ́jú owó. Wọ́n mọ̀ pé ojú ẹgbẹ́ lágbára, wọ́n sì lọ fi ara wọn síwájú rẹ̀ fún ànfààní ara wọn.

Agbára tó ń jẹ́ kí ẹ san èésú kan náà ló jẹ́ kí ẹ san 65,000. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ṣe kókó. Kí èésú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ sọ iye tí apá olúkúlùkù ká, ẹ fẹnu kò. Iye aṣọ ẹbí kò bá ìpàdé kankan wá. Ẹnì kan lọ sọ́jà, ó yan aṣọ, ó ya á ní fọ́tò, ó fi iye rẹ̀ sábẹ́, ó ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa kọ orúkọ yín." Kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni.

Ní ti ọmọ yín tó fi yín rẹ́rìn-ín, mo gbádùn rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ẹ máa ń fún un, pé kó má tẹ̀lé ẹgbẹ́, kò ṣeé tẹ̀lé, bó sì ti wù kí ẹ pariwo rẹ̀ tó. Theodore Newcomb kọ́ni ní Bennington College ní Vermont, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tó ṣí ní 1932. Ilé olówó ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti wá, ilé tí wọ́n ti ń dìbò fún ẹgbẹ́ Republican. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń fọwọ́ sí ètò Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat. Nígbà ìdìbò 1936, 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ló fẹ́ Landon, olùdíje Republican, bí àwọn òbí wọn ṣe fẹ́ ẹ. Ní ọdún kejì, ó ti di 43. Láàárín àwọn tó wà ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, 15 péré ló kù. Bíi ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, Newcomb tún wá àwọn obìnrin yìí rí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì padà sí ti ilé. Ohun tó dì wọ́n mú ni pé wọ́n ti fẹ́ ọkọ tí èrò wọn jọ, wọ́n sì ti yan ọ̀rẹ́ tí èrò wọn jọ.

Àwọn tí kò yí padà rárá ní Bennington ni mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ yín nípa wọn. Inú ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n wà, iyàrá kan náà, tábìlì kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń fi ojú ilé wo ara wọn, ohun tí ìyá àti bàbá á sọ ni wọ́n ń rò kí wọ́n tó lanu. Èyí túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ tí a jókòó sí àárín rẹ̀ lè má jẹ́ ẹgbẹ́ tí a ń fi ojú rẹ̀ wo ara wa. Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, níbi tí ẹni tó bá ń yáwó ra aṣọ ti máa ń di àwàdà. Ẹ wà láàárín àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ yín. Nígbà tí orúkọ ń jáde, ojú ẹgbẹ́ kan péré ló wà lójú fóònù yín, àwọn ẹgbẹ́ yòókù kò sí níbẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kan láàárín àwọn alájẹṣẹ́kù, kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún un lẹ́nu. Ẹ kò ní ju ìyẹn lọ láti ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ó wá ku bí a ó ṣe yí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ padà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ń wá bí àwọn ìyá ilé yóò ṣe máa se inú ẹran: kíndìnrín, ọkàn màlúù àti àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn sójà ló ń jẹ ẹran ara. (Bẹ́ẹ̀ ni, ṣàkì tí àwa ń jà sí lóde òkú, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ tiwọn.) Kurt Lewin, tó sá kúrò ní Jámánì ní 1933, pín àwọn obìnrin sí agbo kéékèèké. Ó ní kí wọ́n dá àwọn agbo kan lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n ṣàlàyé èròjà aṣaralóore, kí wọ́n fún wọn ní ìwé bí a ṣe ń sè é. Ó ní kí àwọn agbo kejì jókòó sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn nípa ohun tó ń dí "àwọn ìyá bíi tiwa" lọ́wọ́, kí àwọn tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà sì nawọ́ sókè níkẹyìn. Nínú àwọn tó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ se èyí tí wọn kò sè rí. Nínú àwọn tó jọ sọ̀rọ̀, 32 ni.

Nítorí náà, ẹ má kọ àròkọ gígùn sórí WhatsApp nípa bí ọjà ṣe wọ́n. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ẹ ó gba àmì ọwọ́ méjì àti àdúrà. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹnì kan. Asch rí i pé tí ẹnì kan ṣoṣo bá wà nínú yàrá tó ń sọ òótọ́, títẹ̀lé irọ́ máa ń já wá sí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kódà nígbà tí ẹnì kejì yẹn ń sọ irọ́ mìíràn tó burú ju ti ẹgbẹ́ lọ, ó ṣì dá ẹni tí wọ́n ń dán wò sílẹ̀, torí ohun tó lágbára níbẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn fẹnu kò, nígbà tí ìfẹnukò bá sì ti fọ́, ó ti fọ́ náà nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó gbà pẹ̀lú yín délẹ̀délẹ̀. Èyí tó bá ní "ní tèmi, àwọ̀ yẹn kò dára" náà wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ yàn án. Nígbà tí Asch jẹ́ kí ẹnì kejì náà jáde kúrò nínú yàrá láàárín iṣẹ́, ẹni tó kù ṣì lè dúró. Nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni ẹnì kejì yí padà lọ bá ẹgbẹ́, ẹni tó kù ṣubú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Alájọṣe tó máa sọ fún yín ní kọ̀rọ̀ pé "mo wà lẹ́yìn yín," tó máa wá ní "ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀" nígbà tí alága bá ti fajú ro, kí ẹ má ní i rárá sàn jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ alága pé ní ìpàdé tí ẹ máa fojú kojú ṣe, kí wọ́n pín bébà kéékèèké, kí olúkúlùkù kọ ohun méjì sí i láì kọ orúkọ: iye tó lè san fún aṣọ kan láì yáwó, àti ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún. Ẹ má lo ìbò tó wà nínú WhatsApp, torí ó máa ń fi orúkọ ẹni tó dìbò hàn, ẹ sì ti padà síbi tí ẹ ti kúrò nìyẹn. Kí akọ̀wé ka gbogbo iye náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má ṣe ṣírò rẹ̀ pọ̀, kó má sì sọ kìkì èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí ẹ nílò ni kí etí gbogbo yín jọ gbọ́ "15,000," "10,000," "lẹ́ẹ̀mejì," "gèlè nìkan," léraléra. Mo ti rí ìgbà tí ẹ̀rín sọ ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí òótọ́ bá ti jáde ní ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ wá jọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì nawọ́ sókè ní gbangba sí iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, bíi ti àwọn obìnrin Lewin. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Bí ọwọ́ bá ṣáájú bébà, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni yóò nawọ́.

Ẹ mọ̀ pé èrè máa ń wà lórí aṣọ ẹbí, àwọn kan sì ti fi èrè yẹn ro owó ìjókòó àti ti alásè. Ibẹ̀ ni àtakò gidi yóò ti wá, kì í ṣe látinú ìfẹ́ léèsì. Bí ẹ bá gé aṣọ láì fi nǹkan kan rọ́pò èrè yẹn, ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kàn lóṣù tó ń bọ̀ yóò rò pé òun ni ẹ ṣe é sí. Ẹ gbé àbá kan dání: kí olúkúlùkù dá iye kan tó ṣeé san fún ẹni tó ń ṣe ìnáwó, kó sì jẹ́ iye kan náà fún gbogbo yín, kí aṣọ sì jẹ́ ànkárá kan lọ́dún tàbí gèlè nìkan. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ti gbé owó síta. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ìwé ìnáwó, ẹ̀yin ni kí ẹ dá orúkọ títò sórí WhatsApp dúró. Kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sí akápò, kí akápò kéde iye tó wọlé láì dárúkọ.

Wọ́n á bá yín wí díẹ̀. Stanley Schachter fi ẹni kan tó máa ń ta ko gbogbo ẹgbẹ́ sínú àwọn agbo tó ń jíròrò, ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1951. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀ jù, wọ́n ń fà á, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan ẹni tí kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́, òun ni wọ́n yàn. Torí náà bí fóònù yín bá ń dún léraléra ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ṣì kà yín sí tiwọn. Àmọ́ ẹ̀yin kì í ṣe àjèjì tí wọ́n kó wọnú yàrá. Edwin Hollander ṣàlàyé ní 1958 pé ẹni tó ti bá ẹgbẹ́ ṣe é pẹ́, tó ti ṣiṣẹ́ fún wọn, máa ń ní àyè láàárín wọn láti yà kúrò lójú ọ̀nà láì jìyà rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rọrùn fún láti mú nǹkan tuntun wá. Ogún ọdún tí ẹ fi san gbogbo owó, ọdún tí ẹ fi ń kọ ìwé ìnáwó láì jẹ kọ́bọ̀, ibí ni kí ẹ ti ná an. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń jẹ gbèsè owó oṣù ẹgbẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ní torí kò lówó ni.

Ẹ má kúrò nínú ẹgbẹ́, kì í ṣe báyìí. Àwọn obìnrin tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jọ́ òkú ìyá yín nìyẹn, n kò sì rí ohun tí ẹ máa fi rọ́pò wọn ní ọjọ́ orí yín. Ẹ dán bébà yẹn wò ní ìpàdé méjì. Tó bá wá hàn nínú bébà pé lóòótọ́ ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ léèsì 65,000 lóṣooṣù, a jẹ́ pé ajá ni wọ́n, mo ti ṣì wọ́n gbà, òwe ọkọ yín sì jàre. Nígbà náà kí ẹ máa ra gèlè nìkan, kí ẹ máa mú ẹ̀bùn tí agbára yín ká dání, kí ẹ sì tètè dé ibi ìnáwó kí ẹ bá wọn pín oúnjẹ, torí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí ìkòkò, kò sí ẹni tó ń wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Gbèsè alájẹṣẹ́kù yẹn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó oṣù yín, kó má kọjá oṣù mẹ́ta. Ẹ sì jẹ́ kí ọkọ yín rí ìwé rẹ̀.